Ife Mẹ́ta Ẹ̀yìnkùlé Ìyá Kabir

Ará Ẹdẹ ni àwọn òbí Ṣàkírátù, ṣùgbọ́n Ilé-Ifẹ̀ ni wọ́n bí i sí, Ilé-Ifẹ̀ náà ló sì ti lọ́kọ. Àdúgbò kan lẹ́yìn Sábó ni ilé ọkọ rẹ̀, Múrítàlá Lágúnjú tó ń ṣe káfíńtà, wà. Kò sẹ́ni tó ń pè é ní Ṣàkírátù níbẹ̀. Ìyá Kabir ọlọ́ṣẹ ni tọmọdé tàgbà mọ̀ ọ́n sí.

Ọṣẹ síse kì í ṣe iṣẹ́ àjèjì sí i. Ìyá tó bí i lọ́mọ sè é títí ó fi darúgbó. Eérú èèpo kòkó ni wọ́n ń lò nígbà náà. Wọn yóò kó eérú sínú ìkòkò tí wọ́n ti dá ihò sí nídìí, wọn yóò da omi sí i lórí, omi náà yóò sì máa kán wálẹ̀ díẹ̀díẹ̀, yóò pọ́n bíi tíì tí kò ní mílíìkì. Omi eérú yìí ni wọn yóò gbé kaná títí yóò fi ki, kí wọ́n tó da àdín sí i. Bí ìyá rẹ̀ bá fẹ́ mọ̀ bóyá omi náà ti mú tó, yóò ki ìka bọ̀ ọ́, yóò fi kan ahọ́n, yóò sì tutọ́ kíá. "Ó ti ta," ni yóò wí, tàbí "Kò tíì ta." Nígbà tí màmá náà fi máa kú, ahọ́n rẹ̀ kò mọ iyọ̀ yàtọ̀ sí ṣúgà mọ́. Ohun tí Ṣàkírátù kò gbàgbé nìyẹn. Ó pinnu pé òun kò ní fi ahọ́n tọ́ nǹkan kan wò láé.

Nígbà tó di àárín àwọn ọdún 1990, ọṣẹ ilé iṣẹ́ ti gbówó lórí, àwọn ènìyàn sì ti ń fi ọwọ́ ara wọn se ọṣẹ funfun. Kọ́sítíìkì ni wọ́n ń fi sè é, ohun funfun wẹ́wẹ́ bí iyọ̀ tí wọ́n ń tà nínú ike lọ́jà. Ṣàkírátù náà kọ́ ọ. Ṣùgbọ́n ọṣẹ rẹ̀ kò gún régé. Lónìí yóò rọ̀ bí ẹ̀kọ, lọ́la yóò le, yóò sì máa bó àwọn tó ń fi í fọṣọ lọ́wọ́.

Ayálégbé kan wà nílé wọn nígbà náà, Olúbùnmi Adéagbo, tíṣà kẹ́mísìrì ní ilé ẹ̀kọ́ girama kan lójú ọ̀nà Mayfair. Kàdúná ni ọkọ rẹ̀ ti ń ṣiṣẹ́. Òun àti ọmọbìnrin rẹ̀ kan ṣoṣo, Ìbùkúnọlá ọmọ ọdún mẹ́ta, ni wọ́n jọ ń gbé yàrá ẹ̀gbẹ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ṣàkírátù ló ń bá a wo ọmọ náà bí kò bá sí nílé. Ẹ̀yìn rẹ̀ ni Ìbùkúnọlá ti kọ́ bí a ṣe ń sùn.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, Olúbùnmi rí ọwọ́ Ṣàkírátù, ó sì dúró.

"Ìyá Kabir, kí ló bó ọwọ́ yín báyìí?"

"Ọṣẹ ni. Mo fi kọ́sítíìkì rọ́pò eérú. Ìwọ̀n kan náà ni mo sì fi sí i."

"Ìwọ̀n kan náà kẹ̀? Wọn kì í ṣẹgbẹ́ ara wọn mà." Ó jókòó tì í lórí àpótí. "Káún, omi eérú, kọ́sítíìkì, ẹbí kan náà ni gbogbo wọn. Álíkálì ni ìwé ń pè wọ́n. Gbogbo wọn ló ń yọ̀ lọ́wọ́, gbogbo wọn ló korò, gbogbo wọn ló sì ń bá ásíìdì jà. Ṣùgbọ́n agbára wọn ò dọ́gba. Kọ́sítíìkì, bó bá ti bọ́ sómi, gbogbo oró ara rẹ̀ ló ń tú jáde, kì í fi nǹkan kan pamọ́. Eérú àti káún, díẹ̀ ni wọ́n ń tú sílẹ̀, wọ́n á fi ìyókù sápò."

Ṣàkírátù rò ó. "Bí mo bá wá se omi eérú títí tó fi ki ńkọ́? Ṣé kò ní lágbára bíi kọ́sítíìkì?"

"Kíki yàtọ̀ sí agbára mà. Ọ̀lẹ púpọ̀ lè para pọ̀ gbé òpó tí alágbára kan ń dá gbé. Ọ̀lẹ ṣì ni wọ́n. Ṣùgbọ́n tí òpó yẹn bá wó lu èèyàn, kò ní béèrè ẹni tó gbé e."

Láti ọjọ́ náà ni ọ̀rọ̀ yìí ti wọ àwọn méjèèjì lára. Olúbùnmi mú ìdì bébà tẹ́ẹ́rẹ́tẹ́ẹ́rẹ́ kan wá láti ilé ẹ̀kọ́, ó fi í síkàáwọ́ Ṣàkírátù. Bí a bá ti bébà náà bọ nǹkan, àwọ̀ rẹ̀ yóò yí padà. A ó wá fi wé àwọn àwọ̀ tí wọ́n tẹ̀ sára páálí rẹ̀. Ṣàkírátù kò ka Gẹ̀ẹ́sì, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ mọ àwọ̀ dáadáa. Olúbùnmi tún fún omi ọsàn wẹ́wẹ́ sínú kọ́sítíìkì díẹ̀, ó ní kí Ṣàkírátù fọwọ́ kan ìdí ife. Ó gbóná. "Bí wọ́n bá ń jà, ooru ni ìjà wọn ń mú wá," ni tíṣà wí.

Wọ́n wá fi àdéhùn sí i pé àwọn yóò gbé omi káún, omi eérú àti kọ́sítíìkì kalẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn lọ́jọ́ kan, àwọn yóò ju ìyẹ́ adìyẹ sínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, àwọn yóò sì wo èyí tó máa kọ́kọ́ jẹ ẹ́. Olúbùnmi ní kí Ṣàkírátù ti gbé e kalẹ̀ kí òun tó ti ilé ẹ̀kọ́ dé.

Ọyẹ́ mú lọ́jọ́ náà. Ìbùkúnọlá ń wúkọ́, ìyá rẹ̀ kò sì fẹ́ mú un jáde sínú eruku, ló bá fi í sílẹ̀ ti Ṣàkírátù. Ọmọ náà jẹ ẹ̀kọ, ó sì sùn lórí ẹní ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ṣàkírátù lọ sẹ́yìnkùlé, ó to ife rọ́bà búlúù mẹ́ta sórí bẹ́ǹṣì. Ó bu omi káún sí ọ̀kan. Ó bu omi eérú tó ti ń ki lórí iná sí èkejì. Kọ́sítíìkì tó ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ́ sómi, tó ṣì gbóná, ló bu sí ẹ̀kẹta. Ó wá ju ìyẹ́ kọ̀ọ̀kan sí wọn. Ojú rẹ̀ báyìí ni ìyẹ́ inú kọ́sítíìkì ṣe rọ̀, tó wú, tó sì di ògì. Ti inú omi eérú kàn rọ̀ ni, kò yọ́. Ti inú káún wà bó ṣe wà. Inú rẹ̀ dùn bí ẹni tó rí nǹkan ìyanu. Ó ń retí kí tíṣà dé kó wá wò ó.

"Ìyá Kabir, àdín yín dé o."

Obìnrin tó ń kó àdín wá fún un ló ń pè é láti iwájú ilé. Ó lọ bá a. Àdín náà ń rùn bí èyí tí omi ti wọ̀, wọ́n sì jọ ṣí kẹ́ẹ̀gì náà, wọ́n ń gbóòórùn rẹ̀, wọ́n ń jiyàn lé e lórí.

Igbe kan ta lẹ́yìnkùlé. Kò pẹ́ rárá tó fi dá, bí ìgbà tí a bá fọwọ́ bo ọmọ lẹ́nu. Dídá tó dá yẹn ló dẹ́rù ba Ṣàkírátù ju igbe náà lọ. Kò mọ ìgbà tó dé ẹ̀yìnkùlé.

Bẹ́ǹṣì ti dojú dé. Ife mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wà nílẹ̀, gbogbo ohun inú wọn sì ti dà pọ̀ mọ́ iyẹ̀pẹ̀. Ìbùkúnọlá dúró láàárín wọn, ó fi ọwọ́ méjèèjì di ọrùn mú, ẹnu rẹ̀ là, itọ́ ń ṣe yàà wá sílẹ̀. Àyà aṣọ rẹ̀ tutù. Òùngbẹ ló ti jí ọmọ náà lójú oorun, ó sì rí ife lórí bẹ́ǹṣì.

"Ìbùkún, èwo lo mu? Èwo nínú wọn?"

Ọmọ náà ń wò ó. Kò lè sọ̀rọ̀.

Ìyá Ràṣídì, àgbàlagbà tó ń gbé ilé kejì, ti gba ẹnu géètì ẹ̀yìn wọlé pẹ̀lú ìgò epo pupa lọ́wọ́. "Gbé e lórí sókè," ló wí. "Kó mu epo kó bì í jáde."

"Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ má fún un."

"Ṣé o fẹ́ kó kú mọ́ ọ lọ́wọ́ ni? Epo ló ń pa oró. Àbí o ò gbọ́ bẹ́ẹ̀ rí?"

Ó ti gbọ́ ọ. Epo ni ìyá òun fúnra rẹ̀ ì bá mú. Ṣùgbọ́n ìyẹ́ tó di ògì wà lójú rẹ̀. Bó bá jẹ́ ohun tó ṣe ìyẹ́ báyẹn ló gba ọ̀fun ọmọ kékeré kọjá, ṣé ó wá yẹ kó tún gba ibẹ̀ padà? "Ohun tó jó o nígbà tó ń lọ, á tún jó o nígbà tó bá ń bọ̀," ló wí.

"Jẹ́ ká fún ọsàn wẹ́wẹ́ sí i lẹ́nu nígbà náà. Ìyẹn á pa oró náà."

Ṣàkírátù rántí ooru ìdí ife. Ó mi orí. Kò dá a lójú. Bó bá jẹ́ pé àgbàlagbà yìí ló gba ọ̀nà tó tọ́, ẹ̀jẹ̀ ọmọ olọ́mọ yóò wà lọ́rùn òun títí ayé. Ṣùgbọ́n ó ti fa ọmọ náà mọ́ra. Ó bu omi tútù, ó fọ ẹnu rẹ̀, ó fọ àgbọ̀n rẹ̀ àti àyà rẹ̀, ó bọ́ aṣọ tó tutù náà jù sílẹ̀, ó sì fi ìborùn ara rẹ̀ wé e. Múrítàlá ti gbọ́ ariwo láti ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, ó ti gbé alùpùpù rẹ̀ síta. Kò béèrè ohunkóhun. Ó wo ojú ìyàwó rẹ̀, ó gbé òun àti ọmọ sẹ́yìn, ó sì tẹ iná sí i.

Ní ilé ìwòsàn, ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ń jẹ́ Dókítà Awóníyì ló gbà wọ́n. Ó tan iná sí ẹnu ọmọ. Ètè ti ń wú.

"Kí ló mu, mà?"

"Ọ̀kan nínú mẹ́ta ni, sà. Káún, tàbí omi eérú tí a fi ń se ọṣẹ, tàbí kọ́sítíìkì. Mi ò mọ èwo."

"Ẹ fún un lépo?"

"Rárá, sà."

"Ó bì?"

"Rárá."

Ó mí kanlẹ̀. Ó ní kí nọ́ọ̀sì wá ibi tí wọ́n máa fa dírípù sí. Lẹ́yìn náà ló fa Ṣàkírátù sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó sọ̀rọ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Bó bá jẹ́ káún, wọn yóò máa ṣọ́ ọmọ náà lásán, yóò sì sàn. Bó bá jẹ́ kọ́sítíìkì, ó lè máa lu ọ̀fun já lábẹ́lẹ̀ kó má tíì hàn lẹ́nu, kí wọ́n sì tètè gbé e lọ sí Ìbàdàn lọ́dọ̀ àwọn oníṣẹ́ abẹ tó mọ ti ọ̀fun ọmọdé ló kù. Ṣùgbọ́n ọ̀nà jìn, èémí ọmọ náà kò sì já gaara. "Bí mo bá gbé e lọ láìnídìí, ó lè kú sọ́nà. Bí mo bá fi í síbí tó sì jẹ́ kọ́sítíìkì, ó lè kú síbí. Mo nílò láti mọ̀."

Ìgbà yẹn ni Múrítàlá gbé Olúbùnmi ti ilé ẹ̀kọ́ dé. Ẹfun ṣì wà ní ìka rẹ̀. Ó wo ọmọ rẹ̀, ó wo dírípù, ó yíjú sí Ṣàkírátù.

"Èwo ni?"

"Mi ò mọ̀. Mo lọ gba àdín níwájú ilé, mo sì…"

"Ẹ fi wọ́n sílẹ̀. Ẹ fi ọmọ mi sílẹ̀ pẹ̀lú wọn."

Olúbùnmi fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú, ẹfun sì fa ìlà sí i lẹ́rẹ̀kẹ́. Nígbà tó tún sọ̀rọ̀, ohùn tíṣà ló fi sọ ọ́, ohùn tó le, tí kò ní omijé. "Bébà wà lọ́wọ́ yín. Ẹ padà lọ wo ohun tó dà sílẹ̀ kó tó gbẹ. Ẹ lọ báyìí."

Múrítàlá sá eré tí kò sá rí lọ́jọ́ náà. Eruku ọyẹ́ bo ojú ọ̀nà. Ṣàkírátù ń ṣe hásíbúnà ní ẹ̀yìn rẹ̀, ọ̀rọ̀ àdúrà náà kò sì dúró lójú kan lẹ́nu rẹ̀.

Nígbà tí wọ́n dé ilé, ẹ̀yìnkùlé mọ́ tónítóní.

Ìyá Ràṣídì ló ti tún un ṣe, kí ọmọ mìíràn má baà kó sí i. Ó ti da iyanrìn bo ilẹ̀. Ó ti fọ ife mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ó sì dojú wọn dé lórí bẹ́ǹṣì, wọ́n ń dán. Ṣàkírátù wo ilẹ̀ yíká.

"Ìyá Ràṣídì, aṣọ ọmọ ńkọ́? Ẹ fọ òun náà?"

"Èmi? Mi ò fọwọ́ kàn án. Ẹ̀rù rẹ̀ bà mí. Ibi tó o jù ú sí ló wà."

Ó wà lẹ́bàá ògiri, ó ti ká jọ. Ṣàkírátù tẹ́ ẹ sílẹ̀ lórí òkúta. Ọyẹ́ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ fa gbogbo omi ara rẹ̀ gbẹ. Ó kán omi mímọ́ díẹ̀díẹ̀ sórí àyà aṣọ náà, ó ki bébà kan mọ́ ọn. Bébà náà di búlúù. Kó má baà jẹ́ pé ojú òun ló ń tan òun, ó bu mẹ́tẹ̀ẹ̀ta láti inú ìkòkò wọn, ó ki bébà tuntun bọ ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó tò wọ́n sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Ti káún dà bí ewé tó fẹ́ di búlúù. Ti omi eérú dà bí aró tó dára. Ti kọ́sítíìkì di àlùkò, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dúdú.

Ti aṣọ jọ ti eérú. Ó tún fi wọ́n wéra. Ṣùgbọ́n omi lòun dà sí aṣọ náà. Kọ́sítíìkì tí a bá fi omi là, ṣé kò lè dà bíi ti eérú? Kíki yàtọ̀ sí agbára. Bébà kò lè sọ fún un bóyá alágbára kan tó ti rẹ̀ ni àbí ọ̀lẹ púpọ̀.

Ó gbé aṣọ náà sókè sí oòrùn, ó sì rí ìyẹ́ kan tó lẹ̀ mọ́ abẹ́ ọrùn rẹ̀. Ìyẹ́ náà ti rọ̀, ṣùgbọ́n kò yọ́. Gbogbo rẹ̀ pé.

Ó dúró bẹ́ẹ̀, kò gbà gbọ́. Ìyẹ́ inú kọ́sítíìkì ti di ògì lójú òun kí òun tó lọ síwájú ilé. Èyí kò lè ti ibẹ̀ wá. Bébà sì sọ pé kì í ṣe káún. Ó kó aṣọ, ìyẹ́, bébà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sínú ọ̀rá, ó bu díẹ̀díẹ̀ nínú omi mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sínú ìgò, ó de ìdérí wọn pinpin, ó gun alùpùpù.

Olúbùnmi gba ọ̀rá náà lọ́wọ́ rẹ̀ láìwo ojú rẹ̀. Ó fi ìyẹ́ náà sí àtẹ́lẹwọ́, ó fi ìka rà á. Ó tún bébà dán wò fúnra rẹ̀, lójú Dókítà Awóníyì, lórí tábìlì àwọn nọ́ọ̀sì. Bébà àkọ́kọ́ já bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó mú òmíràn.

"Omi eérú ni, Dókítà," ló wí nígbẹ̀yìn. "Kì í ṣe kọ́sítíìkì."

"Ó dá yín lójú?"

Ìgbà yẹn ni Olúbùnmi tó wo Ṣàkírátù. "Báwo lẹ ṣe sè é tó?"

"Ó ti ń ki. Ọ̀la ni mo fẹ́ da àdín sí i." Ṣàkírátù kò fi nǹkan kan bò. "Kò kéré, Ìyá Ìbùkún. Ó ta."

Dókítà náà gba ìyẹ́ náà, ó wò ó. Ó ní kí wọ́n má gbé ọmọ lọ síbì kankan. Omi eérú tó ki yóò jó o, ṣùgbọ́n ó ṣeé ṣe kó má lu ọ̀fun já. Kò gbọ́dọ̀ gba nǹkan kan lẹ́nu. Dírípù ni yóò jẹ, dírípù ni yóò mu, àwọn yóò sì máa wo èémí rẹ̀.

Wọ́n wò ó. Ètè ọmọ náà wú títí ojú rẹ̀ fi yí padà. Èémí rẹ̀ ń dún bí ìgbà tí afẹ́fẹ́ bá ń gba abẹ́ ilẹ̀kùn. Ibà gbé e, ibà sọ̀ ọ́ kalẹ̀, ó tún gbé e. Olúbùnmi kò kúrò nídìí bẹ́ẹ̀dì. Ṣàkírátù jókòó sórí bẹ́ǹṣì ìta, ó ń se oúnjẹ wá, ó ń fọ aṣọ, ó ń lọ, ó ń bọ̀. Bí ó bá kí tíṣà, tíṣà á dáhùn. Bí ó bá na ọwọ́ sí ọmọ, tíṣà á rọra fà á mọ́ra. Nílé, Ṣàkírátù da gbogbo omi eérú nù, ó sì gbé ìkòkò ọṣẹ dé igun. Nígbà tí Múrítàlá bi í bóyá yóò tún sè é, ó ní òun kò tíì mọ̀.

Ibà náà lọ nígbẹ̀yìn. Ìbùkúnọlá mu omi, ó fún ojú pọ̀, ó sì gbé e mì. Lẹ́yìn náà ó mu ògì tí kò ki. Dókítà ní wọ́n lè máa lọ sílé, ṣùgbọ́n ọ̀fun tó ti jó lè máa há bó bá ń jinná, nítorí náà kí wọ́n máa mú un wá. Fún ìgbà pípẹ́, ohun tó rọ̀ nìkan ni wọ́n ń fún un jẹ, Olúbùnmi sì ń ṣọ́ bó ṣe ń gbé òkèlé kọ̀ọ̀kan mì bí ẹni tó ń ṣọ́ olè.

Ọyẹ́ ti lọ, òjò àkọ́rọ̀ ti rọ̀ nígbà tí wọ́n lọ fún àyẹ̀wò kan, tí dókítà ní kí wọ́n fún ọmọ náà ní búrẹ́dì lójú òun. Ṣàkírátù dúró sẹ́nu ilẹ̀kùn, kò wọlé. Ìbùkúnọlá jẹ búrẹ́dì náà, ó rún un, ó rún un. Ó gbé e mì. Ó dúró díẹ̀, ó fọwọ́ kan ọrùn, ó ní kí wọ́n fún òun sí i.

"Ọ̀fun há díẹ̀," ni Dókítà Awóníyì wí. "Yóò máa jẹun pẹ̀lẹ́. Ṣùgbọ́n yóò jẹun."

Wọ́n jáde síta, àwọn méjèèjì, ọmọ sì wà láàárín wọn. Wọ́n ń retí takisí. Oorun ti ń kun Ìbùkúnọlá, ó ń fà lọ́wọ́ ìyá rẹ̀.

"Èmi ni mo ní kí ẹ gbé e kalẹ̀ dè mí," ni Olúbùnmi wí láìsí ìbẹ̀rẹ̀ kankan. Ojú títì ló ń wò.

"Èmi ni mo kúrò nídìí rẹ̀," ni Ṣàkírátù dáhùn.

Takisí kan kọjá, ó ti kún. Olúbùnmi bẹ̀rẹ̀, ó gbé ọmọ rẹ̀, ó sì na án sí Ṣàkírátù. Ṣàkírátù wò ó bí ẹni tí kò gbọ́ dáadáa. Lẹ́yìn náà ó yí ẹ̀yìn padà, ó tẹ̀ ba, ó gba ọmọ náà sẹ́yìn, ó fi ìborùn de é, ó so ó le. Ìbùkúnọlá gbé ẹ̀rẹ̀kẹ́ lé e léjìká, ó sì sùn lọ kí takisí mìíràn tó dé.